Kí Ẹ̀rọ Má Bàa Ṣe É fún Wọn: Àkọsílẹ̀ Kíláàsì Dátà Kan ní Ẹ̀ka Ìmọ̀ Ẹ̀kọ́

Ẹnikẹ́ni tó bá ti bójú tó àpilẹ̀kọ rí ní fásitì wa mọ bí ọ̀rọ̀ Orí Kẹrin, níbi tí a ti ń túmọ̀ dátà, ṣe máa ń rí. Akẹ́kọ̀ọ́ á ṣiṣẹ́ kára lórí Orí Kìíní títí dé Ìkẹta. Á gbé fọ́ọ̀mù ìbéèrè láti ilé ìwé kan dé òmíràn nínú oòrùn, á bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé, á bẹ àwọn olùkọ́, á gba ìdáhùn jọ. Nígbà tó bá wá ku kó wo ohun tí ìdáhùn náà ń sọ, á di gbogbo rẹ̀ sínú báàgì, ó di bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rọ́ọ̀nù dátà mi." Wọ́n á bá a rọ́ọ̀nù rẹ̀ nínú SPSS, sọ́fítíwìá tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, wọ́n á tẹ àwọn àtẹ jáde fún un, á sì lẹ̀ wọ́n mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò tó wá láti ìta bá ní kó ṣàlàyé nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú àtẹ náà, ẹ̀yin náà á rí i bí àgbàlagbà ṣe ń làágùn.

Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ AI tó ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, ti jáde ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì tẹ̀ lé e, ibi tí wọ́n ń gbé dátà lọ ló yí padà. Owó rẹ̀ dín kù, ó sì yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àmọ́ òye ẹni tó ni iṣẹ́ kò kúrò níbi tó wà. Ohun tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan dáwọ́ lé ni pé ká fi ẹ̀rọ kan náà yìí ṣe kíláàsì tí akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì àti PhD á ti mọ dátà tirẹ̀ kà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe, mo ti fi ojú ara mi rí i, tí a bá ti lè mú kí ẹ̀rọ náà máa béèrè kó tó dáhùn. Bí a ṣe tò ó nìyí, fún ẹni tó bá fẹ́ tò ó sí ibi tirẹ̀.

Irinṣẹ́

R, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò dátà, la yàn, a fi SPSS sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni R. Ross Ihaka àti Robert Gentleman ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Yunifásítì Auckland ní New Zealand, ẹ̀dà 1.0.0 rẹ̀ sì jáde ní oṣù kejì ọdún 2000. Kò sí owó ìwé àṣẹ, tí a bá sì ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ìyẹn ló jẹ wá lógún jù, torí pé iná àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sábà wà pa pọ̀ lọ́dọ̀ wa.

Orí laptop ni R wà, orí fóònù ni ẹ̀rọ AI wà. A mọ̀ọ́mọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Tí ẹ̀rọ bá fi ìlà kóòdù kan hàn lórí fóònù, ọwọ́ ni akẹ́kọ̀ọ́ á fi tẹ̀ ẹ́ sórí laptop, kò sí kọ́pì, kò sí lílẹ̀. Àwọn kan kọ́kọ́ rò pé ìyà lásán ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ á rí kọ́mà, á rí àmì akọmọ tí òun kò pa dé, á sì rí i pé R kà `Male` àti `male` sí ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí R bá wá bínú sí wọn pẹ̀lú lẹ́tà pupa, wọ́n á ka ohun tó sọ, torí ohun tí wọ́n tẹ̀ fúnra wọn ni.

Dátà àkọ́kọ́: Berkeley, 1973

Dátà tí a máa fi bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò gbọ́dọ̀ ní orúkọ ẹnikẹ́ni nínú, àwa olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. R gbé ọ̀kan dání fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni `UCBAdmissions`. Àkọsílẹ̀ àwọn tó béèrè fún ààyè láti ṣe másítàsì tàbí PhD ní Yunifásítì California ní Berkeley ní ọdún 1973 ni. Lọ́dún náà, ọkùnrin 8,442 àti obìnrin 4,321 ló béèrè. Wọ́n gba nǹkan bí 44 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin, wọ́n gba nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin. P. J. Bickel, E. A. Hammel àti J. W. O'Connell tú u wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Science ní 1975. Èyí tó wà nínú R jẹ́ ti ẹ̀ka mẹ́fà tó tóbi jù lọ, tí wọ́n fi lẹ́tà A sí F pè. Èèyàn 4,526 ló wà nínú rẹ̀.

Ìlà àkọ́kọ́ tí gbogbo kíláàsì máa ń tẹ̀ nìyí:

```
apply(UCBAdmissions, c(1, 2), sum)

          Gender
Admit      Male Female
  Admitted 1198    557
  Rejected 1493   1278
```

Ọkùnrin 1,198 nínú 2,691 ló wọlé, ìyẹn 44.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Obìnrin 557 nínú 1,835 ló wọlé, 30.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí ẹ bá gbé èyí fún ẹni tó ń kánjú, ó ti rí Orí Kẹrin rẹ̀ kọ nìyẹn.

Ìtọ́ni tí a kọ fún ẹ̀rọ

Ìtọ́ni àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú kò ju ìlà kan lọ: ran akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ́wọ́ láti mọ R. Ẹ̀rọ náà ràn wọ́n lọ́wọ́ lóòótọ́. Ó kọ gbogbo kóòdù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ya àwòrán, ó túmọ̀ àwòrán náà, ó sì kọ ìparí ọ̀rọ̀ sí i. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn, àmọ́ wọn kò rí ohun kankan sọ nígbà tí a bi wọ́n pé kí ni ìlà kejì ń ṣe. Ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá télọ̀ kò jẹ́ kó di sísọ́ọ̀sì mú rí lè dárúkọ gbogbo sítáìlì tó wà nínú àwòrán ara ògiri, kò ní lè gé bùbá.

Èyí tí a ń lò báyìí gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá la fi kọ ọ́, torí èdè yẹn ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ronú tí ọ̀rọ̀ bá le:

> Olùkọ́ ni ọ́, o kì í ṣe ẹni tó ń báni ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ ń kọ́ R. Fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀.
>
> Kí o tó fi kóòdù kankan hàn, bi í pé kí ló ń wá, kí o sì bi í pé nọ́ńbà wo ló rò pé ó máa jáde. Dúró kó dáhùn.
>
> Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ni kí o fún un lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, ní kó ka ohun tó jáde lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ọ. O kò rí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Má ṣe sọ nọ́ńbà tí kò tíì kà fún ọ.
>
> Tí ohun tó jáde bá yàtọ̀ sí ohun tó rò, má sọ ìdí rẹ̀. Bi í pé kí ló lè fà á.
>
> Tó bá ní "kàn bá mi ṣe é", dá a padà sí ìbéèrè tó kẹ́yìn.

Gbólóhùn nípa nọ́ńbà tí kò tíì kà yẹn ló ṣe iṣẹ́ jù. Ohun tí irú ẹ̀rọ yìí mọ̀ ọ́n ṣe ni pé kó wo ọ̀rọ̀ tó wà níwájú rẹ̀, kó sì yan ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀ lé e. Bí dátà kò bá tiẹ̀ sí níwájú rẹ̀, ó lè kọ 0.043 síbẹ̀, tí yóò sì jọ òótọ́ pọ́ńbélé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti mọ̀ pé kọ̀ǹpútà òun nìkan ni nọ́ńbà ti ń wá kò ní gba nọ́ńbà lẹ́nu fóònù mọ́.

Gbólóhùn "ẹ" náà ní ìdí tirẹ̀. Àwọn tó pọ̀ nínú kíláàsì PhD wa jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, igbákejì ọ̀gá, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti ní ọmọ ní fásitì. Kò bójú mu kí fóònù máa sọ fún wọn pé "o ṣe àṣìṣe", wọn kò sì ní fi inú dídùn padà sídìí rẹ̀.

Ohun kan tí ẹni tó bá fẹ́ lo ìtọ́ni yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ ni pé tí ìjíròrò bá ti gùn, ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí gbàgbé. Díẹ̀díẹ̀ ni kóòdù ìlà kan á di ìlà mẹ́rin, tí ìbéèrè á sì dín kù. A ti sọ ọ́ di òfin pé dátà tuntun, ìjíròrò tuntun, kí wọ́n sì tún ìtọ́ni náà lẹ̀ sókè rẹ̀.

Níbi tí kíláàsì ti dúró

Màmá kan wà nínú àwọn tó ń ṣe PhD, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé girama ni wọ́n. Mummy VP ni gbogbo kíláàsì ń pè wọ́n. Wọ́n gbà kí n da díẹ̀ nínú ìjíròrò wọn kọ síbí. Wọ́n ti rí àtẹ àkọ́kọ́ yẹn.

— Mo ti rí i. Wọ́n ń rẹ́ àwọn obìnrin jẹ. Kọ ìpínrọ̀ kan fún mi lórí ẹ̀.

— Kí a tó kọ ọ́, ta ló ń pinnu ẹni tó máa wọlé ní fásitì náà? Ṣé ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni àbí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan?

— Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni.

— Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé a máa rí tí a bá wo ẹ̀ka A nìkan?

— Obìnrin á kéré. Bóyá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Wọ́n kọ 30 sínú ìwé wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ ìlà tí ẹ̀rọ fún wọn:

```
round(100 * prop.table(UCBAdmissions, c(2, 3))["Admitted", , ])

        Dept
Gender    A  B  C  D  E  F
  Male   62 63 37 33 28  6
  Female 82 68 34 35 24  7
```

Wọ́n wo 82 yẹn, wọ́n wo 30 tí wọ́n kọ, wọ́n sì ní kí ẹni tó jókòó tì wọ́n bá àwọn wò ó bóyá àwọn tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nínú ẹ̀ka mẹ́fà, mẹ́rin ni obìnrin ti wọlé ju ọkùnrin lọ ní ìdá ọgọ́rùn-ún: A, B, D àti F. Síbẹ̀, lápapọ̀, obìnrin ló wà lẹ́yìn. Gbogbo kíláàsì dá ohun tí wọ́n ń ṣe dúró, wọ́n sì gbà á sí ìjiyàn. Ọ̀kan ní R ló ṣìṣe. Ọ̀kan ní àtẹ àkọ́kọ́ ló ṣìṣe. Ẹ̀rọ kò sọ ìdí rẹ̀, torí a ti ní kó má sọ ọ́. Ohun tó bi wọ́n ni pé: "Èèyàn mélòó ló béèrè ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan?"

```
apply(UCBAdmissions, c(2, 3), sum)

        Dept
Gender     A   B   C   D   E   F
  Male   825 560 325 417 191 373
  Female 108  25 593 375 393 341
```

Ibí ni Mummy VP ti fúnra wọn rí i. Ẹ̀ka A àti B ń gba ju 60 lọ nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó bá béèrè. Ọkùnrin 1,385 ló lọ síbẹ̀, ju ìdajì gbogbo ọkùnrin lọ. Obìnrin tó lọ síbẹ̀ kò ju 133 lọ nínú 1,835. Ẹ̀ka C sí F, níbi tí ilẹ̀kùn ti fún, ni púpọ̀ jù lọ nínú wọn wà. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni: "Kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti dá wọn padà. Ojú ọ̀nà tí wọ́n gbà ló yàtọ̀." Mo ti ka oríṣiríṣi àlàyé nípa ohun tí wọ́n ń pè ní àdììtú Simpson, níbi tí àpapọ̀ ti ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí ohun tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń sọ, látorí Edward Simpson tó kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1951. N kò tíì rí èyí tó ṣe kedere ju ti màmá yẹn lọ, ẹnu tiwọn ló sì ti wá.

Ìbéèrè tó kù kò sí nínú dátà náà: kí ló dé tí àwọn obìnrin lọ sí ẹ̀ka tí ilẹ̀kùn rẹ̀ fún? Àwọn òǹkọ̀wé 1975 yẹn tọ́ka sí bí wọ́n ṣe tọ́ àwọn obìnrin àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti gbà ṣáájú, tó ń darí wọn síbẹ̀ kí wọ́n tó dé fásitì. Ẹni tó bá ti kọ́ni ní ilé ìwé girama níbí, tó sì ti rí bí wọ́n ṣe ń lé àwọn ọmọbìnrin kúrò nínú kíláàsì fìsíìsì, mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan náà tí a ti wá fi kún iṣẹ́ wa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè ìtàn ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ sì sọ fún un pé àwọn obìnrin gbé fásitì náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ìtàn tó dùn ni, ó sì gbilẹ̀ gan-an. A ní kó lọ ka iṣẹ́ 1975 náà fúnra rẹ̀, kó wá gbólóhùn tó sọ bẹ́ẹ̀. Kò rí i níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìlà kan ti wà nínú ìtọ́ni pé tí wọ́n bá béèrè ìtàn tàbí orúkọ iṣẹ́ ìwádìí, kí ẹ̀rọ rán wọn lọ sídìí iṣẹ́ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mú ohun kan tí ẹ̀rọ sọ, kó tọ̀ ọ́ lọ dé orísun rẹ̀, kó sì wá sọ fún wa bóyá ó bá a níbẹ̀.

Àwọn kan ń bẹ̀rù láti yẹ nọ́ńbà ẹni tó jù wọ́n lọ wò. Fún irú wọn, ọ̀rọ̀ Thomas Herndon la máa ń sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n tún iṣẹ́ ìwádìí kan ṣe fún kíláàsì. Èyí tó mú ni iṣẹ́ tí Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé jáde ní 2010 lórí gbèsè orílẹ̀-èdè, tí àwọn ìjọba ń tọ́ka sí káàkiri. Nọ́ńbà rẹ̀ kò bá tiwọn mu. Nígbà tó rí fáìlì Excel wọn gbà, ó rí i pé fọ́múlà tí wọ́n fi wá ìpíndọ́gba kan dúró sí ìlà 44 dípò 49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún, láti Australia títí dé Denmark, kò sí nínú ìṣirò náà. Ní 2013 ni òun àti àwọn olùkọ́ rẹ̀ méjì gbé e jáde. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó ràn án lọ́wọ́. Ó ṣí fáìlì, ó sì wò ó.

Ọ̀rọ̀ 2.50

Ẹni tó bá mọ ìwádìí ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà mọ 2.50. Ìbéèrè á ní ìdáhùn mẹ́rin: mo gbà gan-an jẹ́ 4, mo gbà jẹ́ 3, n kò gbà jẹ́ 2, n kò gbà rárá jẹ́ 1. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ẹ fi mẹ́rin pín in, ó di 2.50. Gbólóhùn tí ìpíndọ́gba rẹ̀ bá dé 2.50, "àwọn olùdáhùn gbà á". Èyí tí kò bá dé ibẹ̀, "wọn kò gbà á". Ojú ìwé mélòó ni mo ti kà tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀!

A ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ilé ìwé méjì sílẹ̀ nínú R, olùkọ́ ọgọ́rùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan:

```
a <- c(rep(4, 50), rep(1, 50))
b <- c(rep(3, 50), rep(2, 50))
mean(a); mean(b)
sd(a); sd(b)
```

Ìpíndọ́gba méjèèjì jẹ́ 2.5. Ní ilé ìwé `a`, ìdajì fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, ìdajì kórìíra rẹ̀. Ìjà ń bọ̀ níbẹ̀. Ní `b`, kò sí ẹni tó ní ìtara kankan lórí ọ̀rọ̀ náà. Òfin 2.50 ní ọ̀kan náà ni wọ́n. `sd`, tó ń wọn bí ìdáhùn ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba tó, ló tú wọn sílẹ̀: 1.51 àti 0.50. Èrò mi lórí èyí kò fara sin, mo sì ti sọ ọ́ níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ tí kò fara mọ́ ọn: kò yẹ kí 2.50 dá dúró nínú àpilẹ̀kọ kankan láìsí iye èèyàn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ náà la ti rí bí èèyàn ṣe ń béèrè ìbéèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi í pé, "Ṣé òfin 2.50 dára?" ó sì yìn ín. Èkejì bi í pé, "Kí ló burú nínú òfin 2.50?" ó sì bú u. Ẹ̀rọ kan náà, ọjọ́ kan náà. Wọ́n gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wa sì kà á. Irú ẹ̀rọ yìí máa ń tẹ̀ síbi tí ẹni tó ń béèrè bá tẹ̀ sí. A wá jọ ń wá ìbéèrè tí kò gbé ìdáhùn dání. "Kí ni ìpíndọ́gba yìí bò mọ́lẹ̀?" ni wọ́n fẹnu kò sí, ìdáhùn tó bá a wá sì wúlò fún gbogbo wọn.

Dátà tó ní àmì ohùn

Ẹ̀ka yìí ni n kò rí kà níbòmíràn, nítorí náà màá fara balẹ̀ sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn òbí àti àwọn oníṣòwò lẹ́nu wò ní Yorùbá. Nígbà tí wọ́n kó ìdáhùn náà sínú Excel, tí wọ́n sì gbé e wá sínú R, `ẹ` di `áº¹`, `ṣ` di `á¹£`. Ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀.

Ẹ̀rọ AI dá èyí mọ̀ lójú ẹsẹ̀, mo sì gbóríyìn fún un. Nínú ètò tí wọ́n ń pè ní UTF-8, báìtì mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú `ẹ`. Tí sọ́fítíwìá kan bá rò pé ètò Windows àtijọ́ ni, á ka báìtì kọ̀ọ̀kan sí lẹ́tà kan, lẹ́tà mẹ́ta tí kò nítumọ̀ á sì jáde. Ẹ fi "CSV UTF-8" pa á mọ́ nínú Excel, kí ẹ sì sọ fún R bẹ́ẹ̀:

```
d <- read.csv("idahun.csv", fileEncoding = "UTF-8")
```

Ìyẹn yanjú. Èyí tó tẹ̀ lé e le jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka iye ìgbà tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde, "ẹ̀kọ́" wà lórí ìlà méjì, nọ́ńbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níwájú wọn, ojú kò sì rí ìyàtọ̀ kankan. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ ní bóyá àlàfo ló wà níparí ọ̀kan, kí wọ́n lo `trimws()`. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n kúkú yọ gbogbo àmì kúrò, kí gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì lásán.

Kíláàsì kọ̀, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ kọ̀. Ẹni tó ni dátà náà ń wádìí ohun tó mú kí àwọn obìnrin dá ẹ̀kọ́ àgbà dúró. Nínú ìdáhùn rẹ̀, àwọn kan ní "ọkọ", àwọn kan ní "ọkọ̀". Ẹni tí ọkọ rẹ̀ kò jẹ́ kó wá àti ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ kì í ṣe ẹnì kan náà. Yọ àmì wọn kúrò, àwọn méjèèjì di "oko", wọ́n sì dà pọ̀ mọ́ ẹni tó ní òun ń lọ sí oko. Ìwádìí rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, kò sì ní mọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe másítàsì ló wá béèrè ìbéèrè tó ṣí i: "Ṣé a lè rí ohun tí kọ̀ǹpútà tọ́jú sẹ́yìn lẹ́tà yìí?" Ẹ̀rọ fún un ní `stri_escape_unicode()` nínú àkójọ `stringi`. Ọ̀kan nínú `ọ́` méjèèjì jẹ́ `\u1ecd\u0301`: `ọ` tó ti ní àmì abẹ́ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi àmì òkè kún. Ìkejì jẹ́ `\u00f3\u0323`: `ó` tó ti ní àmì òkè, tí wọ́n fi àmì abẹ́ kún. Kíbọ́ọ̀dù fóònù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fà á. Ìlà kan ló sọ wọ́n di ọ̀kan, àmì ohùn kò sì sọ nù:

```
d$oro <- stringi::stri_trans_nfc(d$oro)
```

Ẹnikẹ́ni tó bá ń kó ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún ìwádìí, ẹ fi ìlà yìí ṣáájú gbogbo kíkà. Ẹ má dúró kí ìṣòro tó yọjú.

Ohun tí kò gbọ́dọ̀ dé orí fóònù

Orúkọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ńbà fóònù, máàkì ẹnikẹ́ni: ọ̀kankan nínú wọn kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìjíròrò. Nàìjíríà ti ní òfin ààbò dátà láti 2023. Kí òfin tiẹ̀ tó dé, akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣèlérí fún àwọn olùdáhùn nínú fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda pé ẹnikẹ́ni kò ní rí ohun tí wọ́n sọ. Ìlérí ni.

Ọ̀nà tí a gbà ni pé kí wọ́n dá dátà àtọwọ́dá sílẹ̀, tí orúkọ àwọn òpó rẹ̀ bá ti gidi mu:

```
set.seed(2024)
n <- 200
iro <- data.frame(
  nomba = sprintf("A%03d", 1:n),
  ipele = sample(c(100, 200, 300, 400), n, replace = TRUE),
  jamb  = round(pmin(400, pmax(140, rnorm(n, 210, 35)))),
  cgpa  = round(pmin(5, pmax(0, rnorm(n, 3.1, 0.7))), 2)
)
```

Lórí `iro` yìí ni wọ́n á ti bá ẹ̀rọ jiyàn títí kóòdù wọn á fi ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á pa íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì fi kóòdù kan náà sórí dátà gidi. Máàkì JAMB kò lè ju 400 lọ, CGPA kò lè ju 5 lọ. Wíwá irú ààlà bẹ́ẹ̀ fún òpó kọ̀ọ̀kan ti kọ́ wọn ní ohun tó pọ̀ nípa dátà tiwọn kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ibi tí iṣẹ́ dé

Ìdánwò wa kò sí lórí kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ á gbé àtẹ kan lọ bá ẹni tó wá láti ẹ̀ka mìíràn, fóònù á wà nínú báàgì, á sì ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá títí ẹni náà á fi lè tún un sọ fún wa. Àwọn alábòójútó kan ṣì ń kọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ tiwọn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan AI rárá. A ń pè wọ́n wá wo ìdánwò yìí, a kì í bá wọn jiyàn. Ẹ̀rọ ọ̀fẹ́ náà ní iye ọ̀rọ̀ tó ń gbà lójúmọ́, èyí sì ń dá wa dúró nígbà tí kíláàsì bá gbóná. Nítorí náà, èèyàn méjì ló ń pín fóònù kan báyìí, ìjiyàn tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì kí wọ́n tó tẹ ìbéèrè sì ti tún ìbéèrè wọn ṣe.

Èyí tí a ń tò lọ́wọ́ báyìí ni `iro` tí a ti fi òpó ọjọ́ orí, `ojo_ori`, kún, tí a sì ti fi 99 dípò ọjọ́ orí ẹni tí kò dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú SPSS. R kò mọ̀ pé 99 kì í ṣe ọjọ́ orí, ẹ̀rọ AI náà kò mọ̀, torí kò rí ìwé tó ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ìlà tí a fẹ́ kí ọwọ́ wọn mọ́ lára láti máa tẹ̀ kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun mìíràn ni `summary(iro)`, kí wọ́n sì wo `Max.` òpó kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ 99 di `NA`, àmì tí R fi ń mọ̀ pé kò sí ìdáhùn:

```
iro$ojo_ori[iro$ojo_ori == 99] <- NA
mean(iro$ojo_ori, na.rm = TRUE)
```